Ìgò àgbo tó wà lábẹ́ ibùsùn: ohun tí obìnrin ń mu tí agbẹ̀bí kò mọ̀

Ẹni tó bá wọ ọjà Kétu, ọjà Pọ́bẹ̀ tàbí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ ní àárọ̀ kùtù, kò ní pẹ́ kó tó kan ìyá eléwé. Ewé tútù wà nínú agbọ̀n, èèpo igi àti egbò wà lórí ẹní, ata ilẹ̀ àti ẹ̀ẹ̀rù wà nínú abọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọjà mìíràn ti ń gbilẹ̀ báyìí: ìyẹ̀fun nínú ọ̀rá, omi àgbo nínú ìgò tí wọ́n lẹ àwòrán aboyún mọ́, àti oògùn oníhóró tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ewé nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ń kọjá, ó ń pariwo: ó ń fọ ilé ọmọ, ó ń yọ ìjù, ó ń fún obìnrin lẹ́jẹ̀, ó ń mú omi ọmú pọ̀, ó ń dín ikùn kù. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n ní ó ń ṣe é.

A kò kọ ìròyìn yìí láti bú àgbo. Àgbo ni wọ́n fi wo púpọ̀ nínú àwa tó ń ka ojú ìwé yìí dàgbà. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe àyájọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, èyí fi hàn pé àwọn ìjọba náà kò da ewé nù. Àwọn àgbà wa sì máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ewé bá ń jẹ́ lóòótọ́, a jẹ́ pé ó lè jẹ́ níbi tí a kò rán an lọ pẹ̀lú. Ohun tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ ká máa lò ó ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò gòkè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ yìí kiri. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ó kéré. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn oògùn oníhóró tó ní irin àti fítámì tí wọ́n ń pè ní folate nínú. Ó ń lò ó lójoojúmọ́, èmi fúnra mi ń rí i. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ kò gòkè. Wọ́n fi kún oògùn, ó tún lò ó, ẹ̀jẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ojú rẹ̀ ti ṣì. Bó bá pọn omi láti ẹnu kànga dé ilé, á jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í já wa, nítorí a mọ̀ pé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Agbẹ̀bí àgbà kan ló rí ìdí rẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bi í léèrè ní Yorùbá pé kí ló fi ń gbé oògùn náà mì. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dáhùn pé àgbo ni. Ìgò kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Èèpo igi ni wọ́n sè sínú rẹ̀ títí omi rẹ̀ fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi ìfẹ́ gbé e fún un, pé ó ń fún aboyún lẹ́jẹ̀. Ní àràárọ̀, ife àgbo yẹn ló fi ń gbé oògùn irin mì, kí méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀.

Àṣé méjèèjì ń ja ìjà ni. Ohun kan wà nínú ọ̀pọ̀ èèpo igi àti ewé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tánìnì. Òun ló máa ń mú kí ahọ́n gan, bí ìgbà tí èèyàn bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n jẹ. Bí tánìnì bá pàdé irin nínú ikùn, ó máa ń dì í mú, ara kò sì ní lè gba irin náà bó ṣe yẹ. Tíì tí a ń mu láàárọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa fi omi lásán tàbí omi ọsàn gbé oògùn mì, nítorí ọsàn máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin, kí ó sì fi wákàtí méjì ó kéré tán sáàárín oògùn àti tíì. Ní ti àgbo, ó ní kí ó dá a dúró ná, kí ó gbé ìgò rẹ̀ wá kí òun rí i. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ti ń gòkè.

Kí ló dé tí a fi ń fi í pamọ́?

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òun lọ fún àyẹ̀wò, obìnrin kan tó wà níwájú òun lórí ìlà sọ pé òun mu àgbo. Òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ pariwo lé e lórí lójú gbogbo èèyàn, ó pè é ní ará oko. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti pinnu pé ẹnu òun kò ní sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni nìyẹn. Aboyún ń bẹ̀rù èébú, nítorí náà ó ń dákẹ́. Agbẹ̀bí kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì rò pé kò sí nǹkan kan. Ìyá ọkọ rò pé òun ń ṣe oore. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń fẹ́ kí ọmọ wáyé láyọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Obìnrin tí ẹ bá bú lónìí kò ní jáwọ́ nínú àgbo, yóò kàn jáwọ́ nínú sísọ ọ́ fún yín ni.

Ewé tó ń ṣe obìnrin lóore

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dára. Ata ilẹ̀ wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, dárúkọ nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 lórí ìtọ́jú aboyún. Wọ́n ní ó lè dín èébì àti inú rírìn tó máa ń yọ obìnrin lẹ́nu ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún kù. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ata ilẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná ló tó, kì í ṣe ife ńlá ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́.

Ewébẹ̀ tí a ń sè lọ́bẹ̀ náà ń ṣe oore: tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro tí a fọ̀ dáadáa, àti ewé mòríńgà. Wọ́n ní irin àti folate tí ara aboyún nílò. Oúnjẹ ni wọ́n, ara sì mọ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ewé mòríńgà yàtọ̀ sí egbò àti èèpo rẹ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ mu egbò tàbí èèpo mòríńgà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pòpòrò ọkà bàbà, èyí tí wọ́n fi ń pa wàrà wagashi láró pupa. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sè é fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, nítorí pé omi rẹ̀ pupa. Àwọ̀ ewé ni pupa yẹn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Kò lè rọ́pò oògùn irin fún ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré. Irin tí OMS ní kí aboyún máa lò lójúmọ́ jẹ́ mílígíráàmù 30 sí 60. A lè ka ìyẹn nínú oògùn oníhóró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fojú wọ̀n ọ́n nínú ife àgbo.

Èyí tó yẹ kí aboyún ṣọ́ra fún

Wọ́n máa ń sọ fún aboyún pé kó má jẹ ìbẹ́pẹ rárá. Àwọn onímọ̀ kan ní Singapore yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lára eku, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Ìbẹ́pẹ pípọ́n kò ṣe oyún eku ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n oje funfun tó máa ń jáde lára ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n mú kí ilé ọmọ eku máa fún pọ̀, bí ìgbà tí ìrọbí bá dé. Ohun tí a lè rí kọ́ ni pé kí aboyún jẹ èyí tó pọ́n dáadáa, kí ó sì jìnnà sí dúdú rẹ̀ àti oje rẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni àgbo tí wọ́n ń fún obìnrin nígbà ìrọbí kí ọmọ lè yá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní àgbo abíwẹ́rẹ́. Ewé míì nínú rẹ̀ lè mú kí ilé ọmọ fún pọ̀ gidigidi. Bí obìnrin bá ti mu ún nílé, tó wá dé ilé ìwòsàn láìsọ ọ́, tí wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń mú ìrọbí yá, agbára méjì ti pàdé nínú ilé ọmọ kan nìyẹn. Ilé ọmọ lè ya, èémí ọmọ sì lè há. Bí ẹ bá ti fún ìyàwó yín ní nǹkan mu kí ẹ tó gbé e dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni ìyẹn, kí ẹ tó sọ orúkọ rẹ̀ pàápàá.

Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá àti oògùn oníhóró

Bí ìyá eléwé bá ta ewé tútù fún ọ, o rí ewé náà, o sì mọ ojú rẹ̀. Ìyẹ̀fun kò ní ojú. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Bruxelles, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Láàárín ọdún 1990 sí 1992, àwọn obìnrin tó fẹ́ dín sísanra kù ń gba oògùn oníhóró tó ní ewé ilẹ̀ Ṣáínà nínú ní ilé ìtọ́jú kan. Ewé kan ni wọ́n rò pé àwọn ń lò, ṣùgbọ́n òmíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ láìmọ̀, èyí tó jẹ́ ti ìdílé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aristolochia. Nǹkan bí 100 obìnrin ni kíndìnrín wọn bàjẹ́. Púpọ̀ nínú wọn di ẹni tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún, tàbí tí wọ́n ní láti fún ní kíndìnrín ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àrùn jẹjẹrẹ tún hàn ní ọ̀nà ìtọ̀ àwọn kan nínú wọn.

Má sọ pé Bẹ́ljíọ̀mù jìnnà. Egbò tí àwọn eléwé wa ń pè ní akọ igún, ìdílé Aristolochia yìí kan náà ló wà. Ásíìdì tó wà nínú ìdílé igi yìí, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ OMS ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá fi akọ igún sí àgbo rẹ̀ kò ní ṣubú lọ́jọ́ náà, inú sì lè dẹ̀ ẹ́ gan-an. Kíndìnrín kì í pariwo nígbà tó bá ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí "mo ti ń mu ún, kò ṣe mí ní nǹkan kan" kò fi tó ẹ̀rí.

Oògùn oníhóró tí wọ́n ń tà fún dídín ikùn kù tún ní ọgbọ́n mìíràn nínú. Lọ́pọ̀ ìgbà ni àwọn tó ń yẹ ọjà wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti rí sibutramine nínú oògùn tí wọ́n kọ ewé nìkan sí lára. Sibutramine jẹ́ oògùn òyìnbó tí wọ́n ti mú kúrò lórí àtẹ níbẹ̀ lọ́dún 2010 nítorí ewu tó ń ṣe fún ọkàn. Wọ́n tún ti rí oògùn líle tó ń mú ara wú nínú àgbo tí wọ́n ń tà fún ara ríro. Ẹni tó bá lò ó á rò pé ewé ló yára ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ọjà yìí ń gba Ìgòlò àti Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò sì máa ń fi nọ́ńbà NAFDAC hàn wá bíi pé ẹ̀rí ni. Ẹ yí páálí náà padà kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àgbo inú ìgò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò sàn wò. Ìyẹn ni pé wọ́n fi orúkọ ọjà náà sílẹ̀, wọn kò jẹ́rìí pé ó ń yọ ìjù.

Ìfètò sọ́mọ bíbí àti àwọn oògùn mìíràn

Àwọn obìnrin tó ń lo oògùn oníhóró tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá láti fètò sọ́mọ bíbí, ẹ ṣọ́ra fún ewé Yúróòpù kan tí wọ́n ń pè ní millepertuis. Wọ́n ń tà á fún ìbànújẹ́ ọkàn, ó sì máa ń wà nínú oògùn ewé tí àwọn èèyàn wa ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Faransé. Ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ oògùn kúrò nínú ara, débi pé oyún lè dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó tún ń dín agbára oògùn àwọn tó ní kòkòrò HIV kù.

Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó tún ń mu omi ewúro gidi gidi, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀, kí ṣúgà má bàa já wálẹ̀ jù. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó ń lo oògùn aáyù oníhóró, kí ó sọ ọ́ ṣáájú, nítorí aáyù púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá.

Fífọ ilé ọmọ, yíyọ ìjù

Ojú ara obìnrin máa ń fọ ara rẹ̀. Àwọn kòkòrò rere kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Bí a bá ń da omi ewé sí i tàbí tí a ń ki ìyẹ̀fun bọ̀ ọ́, a ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn, àrùn yóò sì ráyè wọlé. Omi lásán ní ìta ara ti tó.

Ní ti ìjù, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ewé kan ń yọ́ ọ. Ìjù kì í ṣe jẹjẹrẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í pa èèyàn lára. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ségesège lè máa mu àgbo ìjù fún ọdún méjì, kó tó hàn pé jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló ń bá a jà. Bí wọ́n bá tètè rí jẹjẹrẹ yìí, ó ṣeé wò. Owó àgbo ṣeé tún rí, ọdún méjì yẹn kò ṣeé rà padà.

Ohun tí a lè ṣe láti òní lọ

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa tó ń mu àgbo: ẹ gbé ìgò, ọ̀rá tàbí ewé náà lọ sí ilé ìwòsàn nígbà àyẹ̀wò. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀, iye ìgbà tí ẹ ń mu ún àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi àgbo gbé oògùn mì. Ẹ má mu àgbo tí ẹni tó tà á kò lè dárúkọ gbogbo ewé inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá eléwé àti lẹ́kulẹ́ja: kí ẹ tó ta ọjà fún obìnrin, ẹ bi í bóyá ó lóyún, bóyá ó ń fọ́mọ lọ́mú, bóyá ó ń lo oògùn dókítà. Èyí kò ní dín ọjà yín kù. Oníbàárà tí ara rẹ̀ le ló ń padà wá.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ: bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má se àgbo, ẹ wá ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lára aboyún. Orí fífọ́ líle pẹ̀lú ojú ṣíṣú tàbí ojú àti ọwọ́ wíwú. Ọmọ inú tí kò yí mọ́. Ojú tó pọ́n bí àlùbọ́sà òyìnbó tí wọ́n rẹ sínú ata ilẹ̀ pupa, tó di yẹ́lò, pẹ̀lú ìtọ̀ tó dúdú lẹ́yìn mímu àgbo. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá dúró.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ewé wà, ilé ìwòsàn wà, kò sì sí ẹni tó ní kí a sun ọ̀kan níná. Kí àwọn méjèèjì ṣáà máa gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti bí ọmọbìnrin kan láyọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tẹ̀lé e lọ fún àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ìgò àgbo wà lọ́wọ́ màmá náà, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lé orí tábìlì agbẹ̀bí.